Àwọ̀n Tí Kò Ya

Ọjọ́bọ, oṣù keje.

Símónì àbúrò mi wá láti Sèmè nírọ̀lẹ́. Ó fẹ́ wọ òkun láàárọ̀ ọ̀la. Felisi ọmọ mi ka ìròyìn orí tẹlifóònù rẹ̀ fún un: satelíìtì tó ń ṣọ́ òkun látòkè ti rí ìgbì ńlá tó ń bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé irin yẹn mọ òkun ju bàbá wa lọ ni?"

"Irin kì í kúkú hanrun bíi Bàbá."

Ó ṣì ń ṣe agídí. Mo bá ní, "Símónì, àwọ̀n rẹ ti ya."

Àwọ̀n rẹ̀ kò ya. Nígbà ayé Bàbá, èèwọ̀ ni kó sọ fún apẹja pé kó má lọ. Á ti ẹsẹ̀ bọ omi, á ní àwọ̀n ti ya, gbogbo wa á sì jókòó sílé.

Símónì bọ́ bàtà, ó jókòó.

Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kẹ́yìn. Ẹnu ara mi ni mo ti gbọ́ ọ lónìí.