Àwọn Kúkúrú Ẹ̀yìn Ilé Ìdáná

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Mo nígbàgbọ́ pé ò ń jẹun lásìkò. Àlàáfíà ni èmi àti bàbá rẹ wà, àfi orúnkún rẹ̀ tó ń ráhùn bí ojú ọjọ́ bá ti tutù.

Ìròyìn tí ò ń retí rèé: àwọn òdòdó rẹ tí o ní kí n bá ọ gbìn ti tanná. Àwọn tí o ṣa irúgbìn wọn ní ìsàlẹ̀ òkè ti ga dé ìbàdí mi. Àwọn ti orí òkè kò kọjá ọrùn ẹsẹ̀, ewé wọn nípọn, irun wẹ́wẹ́ sì bò wọ́n. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ kan náà ni, omi kan náà ni, kò sì sí afẹ́fẹ́ òkè lẹ́yìn ilé ìdáná wa. Kí ọ̀gá rẹ wá wò ó, òun tó ní òtútù àti afẹ́fẹ́ lásán ló ká wọn mọ́lẹ̀, tó sì fẹ́ da iṣẹ́ rẹ nù. Ìwọ lo kà á nínú àbùdá tí ewé wọn jogún pé láti inú wá ni wọ́n ti yàtọ̀.

Má tíì jó o. Bàbá rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Àánú àwọn kúkúrú ń ṣe é, o mọ̀ pé òun náà ò ga, ló bá ń yọ́ fún wọn ní ajílẹ̀ nígbà tí mo bá wà ní balùwẹ̀. Ọjọ́ tí mo ká a mọ́ ibẹ̀, inú bí mi débi pé mo ní ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ iṣẹ́ ọmọ rẹ̀. Kò lè jẹun ọ̀sán.

Nígbà tí ọkàn mi rọ̀, mo tún wọn wò. Pẹ̀lú gbogbo àjẹyó yẹn, wọn ò ga sí i rárá. Òdòdó ni wọ́n kàn ń tú jáde wọ̀ǹtìwọnti. Sọ fún ọ̀gá rẹ bó ṣe rí gan-an, má bo bàbá rẹ láṣìírí.

Mo pe bàbá rẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò wọ́n títí, ó ní, “Ebi ò pa wọ́n rí. Bí wọ́n ṣe jẹ́ nìyí.”

Nígbà tí o wà ní kékeré, àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá mi ò fún ọ lóúnjẹ tó ni, torí pé bàbá rẹ lo jọ. Mo máa ń wọ yàrá lọ sunkún. Ọmọ mi, orí mi wú. Èsì tí mi ò rí fún wọn nígbà náà, ìwọ lo fi iṣẹ́ rẹ wá a rí.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́. Níwájú àwọn tí yóò bi ọ́ léèrè, ẹnu rẹ ò ní wúwo.

Èmi ni ìyá rẹ, olùṣọ́ òdòdó rẹ.

Mo tún rántí: bàbá rẹ ti ń kó àwọn aládùúgbò wá wo òdòdó. Àwọn kúkúrú nìkan ló ń fi hàn wọ́n.