Isu Méjì fún API Tó Wẹ̀ Mí Mọ́

Agboolé Abógúnrìn,
Ìrẹmọ, Ilé-Ifẹ̀.

Habibah Àníkẹ́, ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ ní Yábàá tí o wà yẹn. Ṣé ara le? Ṣé wọ́n ń jẹ́ kí o sùn níbi iṣẹ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyá rẹ Mùnírátù kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti ń gbọ́ oògùn, ewúrẹ́ rẹ sì ti bí ìbejì. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé rẹ.

Ọmọ mi, o ṣeun. Mo tún wí i, o ṣeun. O mọ̀ pé láti ìgbà tí kànga ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ wa òkè òkun ń fi owó kírípítò ránṣẹ́ fún ti kan àpáta, tí ẹlẹ́rọ lọ wá irin tó le, ni Ọdẹ́wálé àbúrò mi ti ń wò mí bí ẹni wo olè. Nígbà tí fóònù mi wá bọ́ sínú garawa omi, tí mi ò rí àkọsílẹ̀ àpò owó náà tó wà níkàáwọ́ mi fi hàn mọ́, ó dìde láàárín ẹbí, ó ní mo ti jẹ owó omi. Èmi Abdulmumin! Èmi tí mo ṣe akápò àsálátù wa fún ọdún mọ́kànlá! Bí mo bá dé gbàgede Ẹnuwá, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu wọn. Ojú tì mí, mi ò ní parọ́ fún ọ.

Ìgbà yẹn lo ní kí n fọkàn balẹ̀, pé àkọsílẹ̀ náà kò sí nínú fóònù rárá, gbangba ló wà, o máa rán API, ìránṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà rẹ, lọ mú un wá. Ha! Mi ò mọ ọmọ ẹni tí API ń ṣe, ṣùgbọ́n àwọn òbí rẹ̀ tọ́ ọ dáadáa. Ojú ẹsẹ̀ ló kó gbogbo rẹ̀ dé, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, kò bèèrè owó ọkọ̀. Ohun kan ló bí mi nínú. Mo wo orí ìwé tí o fi ránṣẹ́, níbi tí o kọ ohun tí o bèèrè sí, mi ò rí ẹ kú iṣẹ́, mi ò rí ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà gígùn àpò náà nìkan lo jù sí i. Ṣé bí a ṣe ń rán ẹni níṣẹ́ nìyẹn? O tún ní ó kọ́kọ́ sọ pé o ti bèèrè jù, kí o dúró ná. Ó tọ́ sí ọ! Láti kékeré ni ìbéèrè rẹ ti pọ̀. Isu méjì wà lọ́wọ́ awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá, ti API ni, má sè é jẹ o. Bó bá jẹ́ àgbà, kúnlẹ̀ kí o tó gbé e fún un.

Ọjọ́ Jímọ̀ la kà á níwájú ẹbí. Fikáyọ̀, ọmọ Ọdẹ́wálé fúnra rẹ̀, ni mo ní kó kà á, kó má fo nọ́ńbà kankan, ó sì kà á títí ohùn rẹ̀ fi há. Owó wọlé lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, ó jáde lẹ́ẹ̀mejì, ẹlẹ́rọ wà níbẹ̀, ó ní nọ́ńbà òun ni méjèèjì lọ sí. Ìyókù ṣì pé síbẹ̀. Ọdẹ́wálé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, omi bọ́ lójú mi, mo ní ọmọ tí mo bí ló rán API níṣẹ́! Ìwé náà ti ń ya nínú àpò mi báyìí, nítorí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ní Ẹnuwá ni mo ń fi hàn, títí kan àwọn tí kò mọ̀wé.

Kò wá sówó lọ́wọ́ mi o. Mo fẹ́ ra fìlà tí n ó dé lọ́jọ́ tí omi bá jáde, ìyá rẹ náà fẹ́ bàtà. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún á tó, bí o bá fi kún un mi ò ní bínú. Ṣùgbọ́n má gbé e fún awakọ̀, má fi sí báǹkì. Ṣí àpò kírípítò tèmi fún mi, ọ̀tọ̀ sí ti omi, kí o fi í síbẹ̀. Ìwọ lo ní ohun tó bá ti wọ àkọsílẹ̀ yẹn kò ṣeé pa rẹ́ mọ́. Bẹ API kó kọ orúkọ rẹ sí i, Habibah ọmọ Abdulmumin.

Ọlọ́run á dá ọ sí, wàá bí irú ara rẹ. Lẹ́yìn tí mo bá ti lọ, bí ẹnikẹ́ni bá tún bèèrè ohun tí mo gbà láyé, kí àkọsílẹ̀ náà dá wọn lóhùn pé ọmọ mi ló fún mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Abdulmumin.