Ẹ̀rọ Ìránṣọ Tó Wà Nínú Àwọsánmà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, àkọ́bí mi,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ lórí ìdúró, jọ̀wọ́ wá àga jókòó, bí o bá sì ti jókòó, fara balẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gùn díẹ̀, ayọ̀ sì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara ìyàwó rẹ le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé ní ọ́fíìsì yín, níbi tí ẹ ti ń pín nǹkan fún àwọn ilé-ìwé? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí wọ́n gbé àga rẹ fún ẹlòmíì. Tiwa níbí, a ò kú, a ò sì sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ń jò, mo gbé báàfù sábẹ́ rẹ̀, ewúrẹ́ wa sì ti sọ ọ́ di kànga tirẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn. Àbúrò rẹ, àbígbẹ̀yìn wa, ní kí n kí ọ. Ó ti wà ní kíláàsì karùn-ún báyìí, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ayùn mi lọ.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an ni ọ̀rọ̀ aṣọ rírán tí wọ́n fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ nínú kíláàsì. Ọ̀gá ilé-ìwé, ọkùnrin tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ-Sá-Mọ̀-Pé nítorí pé kò lè la ẹnu láìfi ìyẹn bẹ̀rẹ̀, ló pe àwa òbí jọ. Ó ní ẹ sá mọ̀ pé ayé ti yí padà, ọmọ tó bá jáde ilé-ìwé láìní iṣẹ́ lọ́wọ́ dà bí abẹ́rẹ́ tí kò ní ihò. Ó ní ọ́fíìsì kan ní ìlú ńlá máa fi máṣíìnì ìránṣọ ránṣẹ́, tuntun gbáú, ti ẹlẹ́sẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè máa rán aṣọ lórí ìjókòó rẹ̀. Nígbà tó dárúkọ ọ́fíìsì náà, mo fò dìde bí ẹni tí agbọ́n ta, mo ní ọmọ mi ló wà níbẹ̀, òun gan-an ni kọ́kọ́rọ́ ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Háà, ẹ wo àtẹ́wọ́! Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n fi mí ṣe alága àwọn òbí. Mo rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà bí ẹni tí ojú ọ̀nà kò gbà.

Alága kì í sì í ṣe ahun. Àwọn pákó tí mo tọ́jú fún òrùlé wa, mo kó gbogbo wọn sílẹ̀, mo fi kan tábìlì fún kíláàsì náà láìgba nǹkan kan. Mo dá ihò sí àárín tábìlì kọ̀ọ̀kan níbi tí orí máṣíìnì máa jókòó sí, mo fá a, mo fi ọ̀dà kùn ún, ó ń dán.

A retí, retí, ojú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé wá wọkọ̀ lọ bèèrè. Nígbà tó dé, ó ní wọ́n ti ṣí kọ̀ǹpútà fún òun, òun sì fi ojú ara òun rí i níbẹ̀ pé máṣíìnì ti dé ọ̀dọ̀ wa, pé a ti gbà wọ́n, pé a tilẹ̀ ti dúpẹ́. Mo ní ṣùgbọ́n tábìlì mi ṣófo. Ó ní ẹ sá mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kì í purọ́, ojú èèyàn ló máa ń purọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo wá bi tíṣà kíláàsì náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó kàwé dáadáa, pé níbo gan-an ni wọ́n wà báyìí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun gbogbo tí àwọn ọ́fíìsì ńlá bá ní lóde òní, inú àwọsánmà ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí. Ọmọ mi, mo gbójú sókè, òjò sì ṣú dẹ̀dẹ̀. Mo sáré lọ fa ewúrẹ́ wa wọlé, mo sì ń lọ láti ojúlé dé ojúlé pé kí wọ́n kó ọmọ kúrò níta, nítorí irin ni máṣíìnì, bó bá já lé èèyàn lórí, kò sí dókítà tó máa rí i tún ṣe. Òjò rọ̀, òjò dá, ẹyọ kan ò já bọ́. Mo ní ẹ̀yin ará ọ́fíìsì, ẹ kú iṣẹ́, ẹ so wọ́n dáadáa.

Síbẹ̀ ẹ̀kọ́ ò dúró. Ọ́fíìsì yín ti pe tíṣà yìí lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan pé kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọdé láṣọ rírán. Ó lọ ní pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó bọ̀ tòun ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, pẹ̀lú fìlà kan àti báàgì tí wọ́n kọ nǹkan sí lára. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, kò mú un bọ̀. Ó ya máṣíìnì sára bọ́ọ̀dù, ó ní kí kálukú jókòó sídìí tábìlì rẹ̀. Mo yọjú láti ojú fèrèsé, mo rí wọn. Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ ti ewé lórí tábìlì, wọ́n sì ń fi ẹnu dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀, o ò bá rò pé gbogbo télọ̀ ayé ló pàdé síbẹ̀. Bí tíṣà bá ní òwú já, kíláàsì á dákẹ́ wẹ́lo, wọ́n á tutọ́ sí ìka, wọ́n á di ojú kan, wọ́n á máa wá ihò abẹ́rẹ́ nínú afẹ́fẹ́. Nígbà tí ìdánwò dé, ọmọ onígbàjámọ̀ àdúgbò wa fìdí rẹmi, nítorí ọ̀fìnkìn mú un, ohùn rẹ̀ há, tíṣà ní máṣíìnì rẹ̀ ò rí epo. Wọ́n na ọmọ mìíràn pé ó rán ọwọ́ aṣọ mọ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Àbúrò rẹ ló ṣe ipò kìíní. Kẹ̀kẹ̀kẹ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, ó ní bó ṣe máa ń rọra lọ tó bá dé ibi ọrùn aṣọ.

Àwọn ọ̀gá láti ọ́fíìsì yín náà wá wò wọ́n, obìnrin kan ló ṣáájú wọn, gbogbo wọn gbé fóònù sókè bí ẹni ń fi abọ́ gba òjò. Àwọn ọmọ ránṣọ fún wọn dáadáa. Obìnrin náà pàtẹ́wọ́, ó ní irú èyí gan-an ló yẹ ọmọdé, abẹ́rẹ́ ò ní gún ẹnikẹ́ni. Ó ní ta ló ní ìbéèrè. Ni àbúrò rẹ bá dìde. Ó ní òun dúpẹ́, pé látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, aṣọ ilé-ìwé lòun ń rán, òun sì ti rán an tán, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun mú un wá kí òun wọ̀ ọ́ lọ sílé, nítorí èyí tó wà lọ́rùn òun ti ya. Ó kẹ̀yìn sí wọn kí wọ́n lè rí i. Gbogbo fóònù wálẹ̀.

Wọ́n lé e kúrò nílé-ìwé. Ẹ-Sá-Mọ̀-Pé ní ó dójú ti òun lójú àlejò. Mo bẹ ọ̀gá, mo bẹ tíṣà, wọn ò gbà. Mo délé, mo bá ọmọ náà wí, mo ní kí ló ń wá nínú ìbéèrè tí àwa àgbà ò bèèrè. Kò sunkún. Ó ní Bàbá, ẹ gba aṣọ tí mo rán, ẹ wọ̀ ọ́ wò, bóyá ó máa bá yín mu. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ mi ló ń jókòó sí níbi iṣẹ́, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń kọjá lọ sílé-ìwé, á dojú kọ ògiri.

Bó ṣe rí nìyẹn tí onígbàjámọ̀ fi ké sí mi pé kí n wá wo ọmọ mi nínú fóònù òun. Ìwọ ni lóòótọ́! O wọ aṣọ funfun, o mú àlùmọ́gàjí dání, o ń gé rìbọ́ọ̀nù lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tí ìyàwó rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Máṣíìnì ló tò lọ bẹẹrẹ lẹ́yìn rẹ, ti ẹlẹ́sẹ̀, tuntun gbáú. Onígbàjámọ̀ fi ìka méjì fẹ àwòrán náà lójú títí ó fi tóbi, ó sì ka ohun tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn fún mi: orúkọ ilé-ìwé wa, àti pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tà wọ́n. Ọmọ mi, omi bọ́ lójú mi. Àṣé nígbà tí wọ́n ń já bọ́ láti inú àwọsánmà, ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n bọ́ sí! Ta ni ì bá tún bá wa tọ́jú wọn bí kò ṣe ọmọ ẹni? Mo sì rí i pé ẹ ti ń bá wa lò wọ́n díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n má bàa dípẹtà. Ẹ ṣeun o.

Ìyá rẹ ò rí i bẹ́ẹ̀. Ó wo àwòrán náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò fi oúnjẹ kan ẹnu lọ́jọ́ náà. Mo ní ṣé ayọ̀ ni. Ó ní kí n má bá òun sọ̀rọ̀. Mo lọ ròyìn fún Ẹ-Sá-Mọ̀-Pé, bó ṣe ń gbọ́ ló ń làágùn, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ẹ sá mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú bá rí ni ẹnu ń sọ, kí n fi í sínú, àbúrò rẹ sì lè padà sí kíláàsì lọ́la. Èèyàn rere ni, kò fẹ́ ìyìn. Ṣùgbọ́n mo ti pe ìpàdé àwọn òbí kí n tó dọ́dọ̀ rẹ̀, fóònù onígbàjámọ̀ sì ti yí gbogbo wọn ká. Ariwo tí wọ́n pa, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Àwọn kan tilẹ̀ ṣépè, mo gbà pé àwọn ọ̀tá rẹ ni wọ́n ń ṣẹ́ ẹ fún.

A ti fẹnu kò pé a óò wá kó wọn. Awakọ̀ tó ń bá mi kó gẹdú máa gbé wa, àwọn ọmọ ń bọ̀, ìyá rẹ náà ń bọ̀, ó ní òun fẹ́ wo ojú rẹ dáadáa. Ọlọ́pàá àdúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kì í dá rìn lójú ọ̀nà, ó ti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú ńlá sọ̀rọ̀, wọ́n á ti wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ká tó dé. Mo ní kó má dààmú wọn. Ó ní ìdààmú kọ́, inú wọn dùn láti mọ̀ ọ́. Ó ní kí n má kọ̀wé sí ọ, kó lè bá ọ lójijì. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo kọ́kọ́ gbé jó nílé ayé yìí. Bí o bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ kó wọn sọ́kọ̀ kí a tó gbéra, ọ̀nà là, tábìlì ṣì ṣófo.

Jọ̀wọ́ fi owó epo ọkọ̀ ránṣẹ́, kí o sì fi owó páànù lé e. Má fi sínú fóònù mi mọ́ o. Lẹ́yìn èyí tí o fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, ọmọbìnrin tó wà ní báńkì ní ó ti wọlé, mo dé ilé mo tú ẹ̀yìn fóònù, bátìrì nìkan ni mo bá níbẹ̀. Ẹnìkan ló ti jí i kó.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí rẹ sí. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń wá ọ, wọ́n á máa rí ọ. Ohun tí o kó jọ, ojú gbogbo ayé lo ti máa kà á. Ìrìn àjò òjijì kan ò sì ní gbé ọ kúrò nílé kí a tó dé.

Èmi ni bàbá tó bí ọ.