Ẹnikẹ́ni Kò Ní So Ọwọ́ Mojísọ́lá

Ẹ kú ilé o, Màámi, ẹ sì kú ìrọ́jú orúnkún. Mo kí Bọ̀ọ̀dá Àgbà, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí gbogbo ọmọ tó ń sáré nínú àgbàlá. Ẹni tó bá ń ka ìwé yìí fún yín, kó má rọra kà á o. Kó kà á sókè ní ìpàdé ẹbí, kí gbogbo ẹni tó ti dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ mi gbọ́ ọ. Ìwé kẹta ni mo kà dé. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kọ, ẹ bá mi tún un ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má tún èrò mi ṣe.

Òjò Bìní kò jẹ́ ká sinmi. Ẹrẹ̀ pupa ti gba ọjà Santana, abẹ́ agboòrùn ni mo ti ń ta abẹ́rẹ́, òwú àti bọ́tìnnì mi. Bí Ayọ̀délé ọmọ mi bá ti lọ sí báńkì, tí ìyàwó rẹ̀ náà lọ síbi iṣẹ́, èmi àti Mojísọ́lá ọmọ wọn la jọ ń lọ sọ́jà. Ọdún mẹ́rin ló wà. Yorùbá máa ń wọ́n mi létí níbí. Àwọn ọmọ Yorùbá fúnra wọn, ẹ sọ Yorùbá sí wọn, Pijin ni wọ́n á fi dáhùn. Mojísọ́lá kì í dáhùn rárá, ṣùgbọ́n ó máa ń jókòó tì mí.

Ó máa ń gbọn ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ kí omi gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó máa ń mì síwá sẹ́yìn. Ó lè máa fi bọ́tìnnì kan ta òkòtó títí ọjà á fi tú. Ìyá Ẹdó tó ń ta tòmátò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ooru ló ń mú un, ló bá ra abẹ̀bẹ̀ fún un. Ọmọ gba abẹ̀bẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi í pòòyì.

Bọ̀ọ̀dá Àgbà wá kí wa, ó rí i, ó délé, ó ní ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀run ló ń juwọ́ sí, pé ó ti ń dágbére. Kíá, ẹ se ẹ̀wà, ẹ ra ìrèké, ẹ kó ọmọ àdúgbò jọ, ẹ fi ṣe sàárà. Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ yó dáadáa. Ọlọ́run á fi kún un. Ọwọ́ Mojísọ́lá kò dúró. Ni ẹ bá tún pè mí pé wòólì kan ní ká mú un wá, kó máa gbé lọ́dọ̀ òun, òun á so ọwọ́ náà títí ẹ̀mí yẹn á fi lọ. Ẹ ní Bọ̀ọ̀dá ń bọ̀ wá mú un lọ́jọ́ Sátidé.

Kó má wulẹ̀ wọkọ̀.

Ṣé ẹ rò pé a káwọ́ lẹ́rán ni? Ìyàwó Ayọ̀délé sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, ó ń bi ara rẹ̀ pé kí ni òun jẹ nígbà oyún. A gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé. Obìnrin ni. Ó bi wá pé ìgbà wo ni ọwọ́ náà máa ń le jù. Ayọ̀délé wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó wo èmi. A ò bi ara wa bẹ́ẹ̀ rí. A padà sílé, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ìyàwó ló kọ́kọ́ rí i: bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá bú, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ bàbá rẹ̀ bá sì wọlé, tínú ọmọ dùn, ọwọ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Dókítà ní bó ṣe ń tu ara rẹ̀ nínú nìyẹn, pé ariwo máa ń wọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ létí bí ìjà. Ó ní bí kò bá ti pa á lára, ká má so ó. Mo bi í bóyá ọmọ á sọ̀rọ̀. Ó ní òun kò tíì lè sọ, pé a ó máa kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Wòólì yín ló mọ ohun gbogbo.

Níbí náà, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Siluko Road, alàgbà kan di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà àdúrà. Ọmọ lọgun bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Mo já a gbà. Alàgbà ní Ìyá, ẹ ń dènà ìdáǹdè. Mo ní kó kọ́kọ́ dá ẹsẹ̀ tirẹ̀ dúró, tó ń gbá àga ẹni ẹlẹ́ni látìgbà tí orin ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó alàgbà náà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ńkọ́, Màámi? Bí ọkàn yín bá gbóná, ṣebí ẹ máa ń mi ara títí àga á fi máa ké. Ta ló so yín?

Ẹ ó bínú. Ẹ máa bínú. Irun mi ti funfun, ọ̀dọ̀ yín ni mo sì ti mú agídí. Bí Bọ̀ọ̀dá bá wá, á jẹ iyán, á sùn, òun nìkan ni yóò padà. Nígbà Kérésì, gbogbo wa ń bọ̀ wálé, Mojísọ́lá ni yóò ṣáájú wọlé. Bó bá rí yín tó gbọn ọwọ́, ẹ má pariwo, ẹ má sì pe ẹnikẹ́ni. Ẹ rọra jókòó tì í, kó mọ òórùn yín.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, ojú yín kò ní ríbi. Ẹ bá mi kí tẹbí tará, títí kan àwọn tí inú wọn kò dùn sí mi.

Èmi ni ọmọ yín, olórí kunkun,
Ìyá Ayọ̀délé, ní Bìní