Màmá Ẹ-Dìde, Ìyá Tí Kò Jẹ́ Kí Oògùn Lọ Ìsinmi

Ẹ̀yin ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ará àdúgbò tí ẹ wá bá wa jókòó lónìí, ìgbé ayé Màmá nìyí bó ṣe rí. A kò fi iyọ̀ kún un, a kò sì yọ iyọ̀ kúrò.

Yàrá ẹ̀yìn nílé káfíńtà kan ni wọ́n bí Màmá sí. Ìwé sọ pé ọdún 1944 ni. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ní ọdún tí ìjì ṣí òrùlé ilé náà ni, ẹni tó sì pọnni sẹ́yìn là á gbà gbọ́. Káfíńtà náà ni bàbá wọn, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀ tó ìṣó tó máa ń há sẹ́nu. Ìyá wọn ń se ọṣẹ tà. Ìdílé náà kò ní oyè, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ ibẹ̀ tó fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀ rí.

Ní 1951 Màmá wọ ilé-ìwé. Wọ́n kà á dé ibi tí wọ́n ti lè kọ orúkọ ara wọn, tí wọ́n sì lè ka nọ́ńbà, kí èéfín ọṣẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ba ojú ìyá wọn jẹ́. Bí wọ́n ṣe jókòó sílé ṣèrànwọ́ nìyẹn. Wọn kò ráhùn. Wọ́n ní ìwé tí àwọn kà tó láti mọ ṣẹ́ẹ̀tì lágbájá yàtọ̀ sí ti lámọrín.

Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni wọ́n kọ́, ní 1960, láyé áyọ̀nù eléèédú. Orí ìdúró ni wọ́n máa ń wà láti àárọ̀ títí kókósẹ̀ yóò fi wú. Nígbà tó yá, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn: yàrá kan, fèrèsé kan, tábìlì tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bò, àti okùn méjì lẹ́yìnkùlé. Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ni Màmá kọ́kọ́ máa ń wò. Wọ́n ní ẹni tó bá máa purọ́ lè purọ́ fún gbogbo èèyàn, kò lè purọ́ fún ọrùn aṣọ rẹ̀.

Ẹnu ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí náà ni ọkọ ti bá wọn. Awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ni Bàbá, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ń lọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dé ni wọ́n ń gbé ṣẹ́ẹ̀tì wá, títí ọ̀gá Màmá fi gbé ọ̀kan sókè níṣojú gbogbo oníbàárà, tó ní aṣọ yìí kò dọ̀tí, ojú ẹni tó ni ín ló ń wá nǹkan. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní 1966. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ, ọkùnrin méjì, obìnrin méjì.

Ilé wọn ni gbogbo ẹbí ń kó wá níparí ọdún. Ẹní á tẹ́ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí fèrèsé, ẹni tó bá fẹ́ kọjá á máa bẹ ẹsẹ̀ onílé àti àlejò. Ní 1989, dókítà ti sọ fún Bàbá pé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ti fún wọn ní oògùn tí wọn yóò máa lò láràárọ̀. Nígbà tí ọ́fíìsì tú àwọn awakọ̀ sílẹ̀, Bàbá gbé oògùn náà sẹ́yìn rédíò. Wọ́n ní, “Ìsinmi la wà. Ẹ jẹ́ kí oògùn náà sinmi, láti oṣù kìíní lòun náà ti ń ṣiṣẹ́.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín.

Wọ́n jẹun lọ́dún yẹn. Ẹran díndín ń lé ẹran díndín, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni àwọn ọmọdé fi ń fọ ẹnu láàárọ̀, àwọn àgbà jókòó sójú kan bí àpótí. Àwọn kan ń yàgbẹ́ gbuuru, àwọn kan kò rí oorun sùn. Kó tó di pé ẹni kankan padà sẹ́nu iṣẹ́, ife omi bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún Bàbá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bí wọ́n ṣe fẹ́ sọ pé kò burú, ẹnu wọn wọ́ sápá kan.

Nílé ìwòsàn, dókítà béèrè oògùn wọn. Bàbá ní ó wà ní ìsinmi. Dókítà rò pé ara wọn ni wọ́n ń sọ, ó ní òun mọ̀, gbogbo ayé ló wà ní ìsinmi, oògùn ni òun ń béèrè. Bàbá ní oògùn náà ni àwọn ń sọ. Dókítà gbé kálámù sílẹ̀. Àwọn ọmọ ti fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín láti ìgbà náà. Màmá kò bá wọn rẹ́rìn-ín sí i rí. Bàbá kò sì wa ọkọ̀ mọ́.

Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pe ìparí ọdún ní ìsinmi níwájú Màmá. Ìpéjọ ni wọ́n ń pè é. Iyọ̀ kò kúrò ní ilé ìdáná wá sórí tábìlì mọ́. Omi ló ń ṣáájú ọtí ẹlẹ́rìndòdò, èso ló ń tẹ̀lé oúnjẹ. Ẹni tó bá ń wúkọ́ yóò lọ jókòó sídìí fèrèsé, ọmọ tó bá ti ìta dé yóò fi ọṣẹ fọwọ́ kó tó fọwọ́ kan nǹkan. Níṣojú gbogbo ilé ni Bàbá ti ń lo oògùn, wọn yóò wá la ẹnu kí ọmọ-ọmọ tó kéré jù yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì jábọ̀ pé ó ti lọ. Bí oúnjẹ bá parí báyìí, Màmá á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní, “Ẹ dìde.” Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní orúkọ Màmá Ẹ-Dìde. Gbogbo ilé á tò jáde, wọ́n á kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù onítáyà, wọ́n á dé ìdí táńkì omi, wọ́n á yí padà. Bàbá á wà níwájú pẹ̀lú ọ̀pá. Àlejò kan rí wọn rí, ó bi wọ́n pé ta ló sọnù. Báyìí ni Bàbá ṣe pẹ́ láyé títí di 2003.

Àkọ́bí wọn ọkùnrin ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ọwọ́ rẹ̀ dí, ara rẹ̀ sì ń sanra. Níparí ọdún 2009, níbi oúnjẹ, níṣojú àwọn àna rẹ̀, Màmá wo ọrùn aṣọ rẹ̀, wọ́n ní ọrùn rẹ̀ ti kọjá ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọrùn bàbá rẹ̀ rí kí ife tó bọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ń wo inú àwo bíi pé wọ́n kọ nǹkan síbẹ̀. Àkọ́bí gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní, “Màmá, ṣé ilé la wá, àbí wọ́ọ̀dù?” Ilẹ̀ mọ́, òun, ìyàwó àti àwọn àna rẹ̀ ti lọ.

Kò wá lọ́dún tó tẹ̀lé e. Kò wá lọ́dún kejì. Ó ń fi aṣọ àti ìkíni rán àwọn àbúrò rẹ̀. Màmá ní àwọn gba ìkíni, ṣùgbọ́n kò fi ọrùn ránṣẹ́ kí àwọn rí i. Kì í ṣe àìwá rẹ̀ nìkan ló ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ọ̀nà bàbá rẹ̀ ló ń tọ̀, àti pé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn fúnra wọn ló lé e kúrò níbi tí ojú ìbá ti máa tó o.

Àbígbẹ̀yìn wọn, tó ń dirun fún wọn lọ́jọ́ kan, ló là á mọ́lẹ̀. Ó ní òtítọ́ ni Màmá sọ, ṣùgbọ́n áyọ̀nù tó bá gbóná jù, jíjó ló ń jó aṣọ, kì í lọ̀ ọ́. Màmá ní irun tó ń fà yẹn ti ń dun àwọn.

Níparí ọdún yẹn, wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé wọn pa, wọ́n lọ sílé àkọ́bí. Oúnjẹ dé. Wọn kò sọ̀rọ̀ iyọ̀, wọn kò wo ọrùn ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, wọ́n mú oògùn jáde nínú báàgì ọwọ́, wọ́n fi omi gbé e mì. Àkọ́bí béèrè pé oògùn kí ni. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

“Láti ìgbà wo, Màmá?”

“Ó ti ṣe díẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́ nígbà náà, ta ni yóò máa pàṣẹ fún yín?”

Màmá kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n jókòó. Àwọn ọmọ ilé ti di bàtà mú, wọ́n ń wo ẹnu Màmá. Àkọ́bí fúnra rẹ̀ ló wá dìde, ó ń fi ẹsẹ̀ wá sálúbàtà, ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká na ẹsẹ̀ díẹ̀.” Ó ní kí àwọn ọmọ dúró sílé.

Lójú títì, níbi tí kò sí etí kẹta, ó sọ fún wọn pé dókítà ti sọ tòun náà fún òun láti ọdún tó kọjá. Oògùn náà wà nínú mọ́tò, òun kò tíì ṣí i. Màmá kò sọ pé ṣebí àwọn ti wí. Wọ́n béèrè bóyá èyí tí wọ́n ń lò ṣáájú oúnjẹ ni, àbí èyí tí wọ́n ń lò lẹ́yìn rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá àti ọmọ lo tiwọn nídìí tábìlì kan náà, kálukú ń wo ibòmíràn.

Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ni àkọ́bí ń pè wọ́n lórí fóònù. Á ní òun ti lò ó. Màmá á ní àwọn náà ti lò ó, wọ́n á pa fóònù. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé wọ́n ń jà.

Ní ilé ìjọsìn, Màmá ló ń fọ aṣọ funfun, tí wọ́n sì ń lọ̀ ọ́, títí ọwọ́ wọn kò fi gbé áyọ̀nù mọ́. Àwọn ló ní kí ẹgbẹ́ obìnrin máa pe nọ́ọ̀sì wá wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ gbogbo ìjọ kí ọdún tó parí. Alága ẹgbẹ́ ń sá lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn ilé ni Màmá ti lọ mú un wá, ìfúnpá tirẹ̀ ló sì ga jù nínú ti gbogbo wọn. Alága náà ṣì wà láàárín wa níbí lónìí.

Nínú oṣù kẹta ọdún 2024, láàárọ̀ ọjọ́ tí kò yàtọ̀ sí ọjọ́ mìíràn, àkọ́bí pè, wọn kò gbé e. Ó tún pè. Ó wa mọ́tò wá. Ó bá wọn lórí ibùsùn, wọ́n fi ọwọ́ rọrí, oorun ló gbé wọn lọ.

Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó pọ̀n wọ́n, àwọn ọmọ wọn, àwọn aya àti ọkọ ọmọ, àwọn ọmọ-ọmọ àti àtọmọdọ́mọ, tí a kò ní kà, nítorí Màmá kì í jẹ́ kí wọ́n ka ọmọ.

Àkọ́bí wọn ni yóò bu erùpẹ̀ àkọ́kọ́. Ara rẹ̀ le. Ọmọ ló ń sin ìyá, ìyá kò sin ọmọ.

Kí ilẹ̀ tù yín lára, Màmá. Kí ọjọ́ àwọn tí ẹ fi sílẹ̀ gùn, kí ẹlòmíràn má sùn ṣáájú ẹni tó jù ú lọ. Ẹ sùn re o.