Ọṣẹ Ìgò àti Ọpọ́n Tí A Kì Í Fọ̀

Outi, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ṣé ìlú Tampere ń gbè ọ́? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ fún mi. Àlàáfíà la wà, bàbá rẹ ti gbin ọ̀dùnkún, ó sì ń ṣàròyé orúnkún, nítorí náà ara rẹ̀ yá.

O ṣeun fún ọṣẹ olómi tí o fi ránṣẹ́. Mo kà á lára ìgò pé ó ń pa mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kòkòrò àìfojúrí. Mo fi fóònù ya inú ọpọ́n ìpo-búrẹ́dì ìyá mi, n kò rí kòkòrò kankan nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n mo ní bóyá wọ́n sá pamọ́ ni, mo bá fọ̀ ọ́. Outi, ọpọ́n tí ìwúkàrà ti gbẹ mọ́ lára láti àádọ́rin ọdún! Ìyẹ̀fun tí mo pò sínú rẹ̀ sùn bí òkú. Ó sì ku ọjọ́ mẹ́rin sí Juhannus, àjọ̀dún àárín ìgbà ooru, èmi ni gbogbo abúlé ń wojú fún búrẹ́dì.

Mo bi ọmọbìnrin inú fóònù tí ń dáhùn ìbéèrè pé kí ni mo lè fi rọ́pò ọṣẹ yìí. Kò tilẹ̀ kí mi, ó ní ọtí kíkan, ó ní ọṣẹ lásán àti omi gbígbóná. Mo bi í pé ta ni ìyá rẹ̀, ó ní ìbéèrè mi kò yé òun. Ọmọ òrukàn ni, mo gbàdúrà fún un.

Ni mo bá lọ tọrọ ìwúkàrà lọ́wọ́ Saimi aládùúgbò wa, èmi tí mo máa ń fi búrẹ́dì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó pè mí, ó ní Lempi onímọ̀ọ́tótó, o wẹ ìwúkàrà bí ẹni wẹ ọmọ tuntun! Ṣùgbọ́n ó fún mi. Mo fi ọṣẹ rẹ fọ abọ́ igi kan, mo fi ọtí kíkan fọ èkejì, mo fi ọṣẹ lásán tí a fi igi páìnì ṣe fọ ẹ̀kẹta, mo jẹ́ kí wọ́n gbẹ nínú ilé ìwẹ̀ olóoru, mo sì pín ìwúkàrà sí wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ti ọṣẹ rẹ kò mira, ti ọtí kíkan ń mí díẹ̀díẹ̀, ti páìnì ti kún dà sórí tábìlì!

Ogójì búrẹ́dì ni mo yan. Saimi jẹ ẹ́, ó wá jẹ́wọ́ pé ìyá mi ló fún òun ní ìwúkàrà yẹn lọ́dún tí òun ṣègbéyàwó. Ọmọ mi, ìwúkàrà wa kò kú, ilé Saimi ló lọ kí!

Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ti fẹnu kò pé ọṣẹ páìnì la ó máa lò ní ilé ìdáná abúlé. Bàbá rẹ ń fi tìrẹ fọ bàtà òjò.

Jọ̀wọ́, fi ọgbọ̀n yúrò ránṣẹ́, òrùka irin tí ó di ọpọ́n mú ti já. Má ra ọṣẹ sí i. Ilé rẹ kò ní ṣófo, ayé rẹ yóò máa wú sí i.

Ìyá rẹ,
Lempi