Aṣọ Tí Wàá Kó Lọ sí Òkè Mánbìlà

Ṣọ́ọ̀bù Tẹ́lọ̀ Àbíjáǹ,
Ẹ̀jìgbò, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹjọ.

Qàwíyyàt, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé ní Ìbàdàn níbẹ̀. Mo gbà pé ara rẹ le bí o ṣe ń ka ìwé yìí, nítorí ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún lẹ́yìn ìrun àsùbá nìyẹn. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ẹ̀yìn ń dùn mí díẹ̀, ojú mi kò sì fẹ́ máa rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀.

O bi mí lórí fóònù pé, "Bàbá, aṣọ wo ni kí n kó lọ?" Mo ní kí o fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ìdáhùn rẹ̀ gùn ju ohun tí a lè sọ lórí fóònù lọ, mo sì fẹ́ kí ó wà lọ́wọ́ rẹ, kí o lè máa wò ó bí o bá ń di ẹrù.

Ìyá rẹ kò fẹ́ kí o lọ. Ó ní kí n fọwọ́ líle mú un, kí n sọ pé bàbá rẹ kò gbà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò burú: ọ̀sẹ̀ méjì nínú ilé àlejò inú igbó, lórí òkè, nínú oṣù tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, tí ìwọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ níbi iṣẹ́ yóò máa ka iye ẹyẹ, fún ọmọ tó ní ẹ̀jẹ̀ SS. Òtútù ni ọ̀tá ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n la ti fi ń bá a jà, ó sì ti rẹ̀ mí. Kì í ṣe ìwọ lo sú mi o. Ìbẹ̀rù ló sú mi. Mo rántí ohun tí o sọ nígbà ọdún Iléyá: "Bàbá, bí mo bá jókòó sílé náà, egungun á ṣì máa ro mí. Ẹ jẹ́ kó ro mí níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ mi." Nítorí náà mi ò ní sọ pé kí o má lọ. Aṣọ ni mo mọ̀, òun ni màá sọ.

Aṣọ kì í mú ara gbóná. Ara ló ń mú ara rẹ̀ gbóná. Aṣọ kàn ń di ooru náà mú kó má sá lọ ni. Omi sì ni olè tó ń jí ooru náà kó. Aṣọ òwú, tí gbogbo wa fẹ́ràn nítorí oòrùn ilẹ̀ wa, máa ń mu omi bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, kì í sì í fẹ́ dá a padà. Nítorí náà, èyí tí yóò kan ara rẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ òwú. Mo ti fi irú aṣọ tí wọ́n fi ń ṣe jẹ́sì bọ́ọ̀lù rán ẹ̀wù alápá gígùn mẹ́ta fún ọ, tó máa fún mọ́ ara. Bí ó bá tutù, fún un, gbọ̀n ọ́n, kò ní pẹ́ gbẹ. Súẹ́tà onírun àgùntàn ni kí o wọ̀ lé e. Irun àgùntàn máa ń di ooru mú bó tilẹ̀ tutù díẹ̀. Ó lè máa yún ọ lọ́rùn. Fara dà á.

Má kó jíìnsì kankan. Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí òjò bá pa á, á wúwo, á sì lẹ̀ mọ́ orúnkún rẹ títí di ọjọ́ kejì. Fi àwọn híjáàbù gígùn náà sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Etí wọn á máa fa omi láti orí koríko gòkè wá sí àyà rẹ. Mo ti rán mẹ́rin tó mọ níwọ̀n, tó bo àyà, tó sì ṣeé tẹ̀ bọ abẹ́ ẹ̀wù òjò. Ìbọ̀sẹ̀ mẹ́fà wà nínú báàgì tí mo ń fi ránṣẹ́ sí ọ. Èyí tó wà nínú ọ̀rá funfun, orí ibùsùn nìkan ni tirẹ̀. Ohun yòówù tó bá ṣẹlẹ̀, má wọ̀ ọ́ jáde.

Àbúrò mi, Àǹtí Nímọ́tà, gbọ́ pé o ń rìnrìn àjò, ló bá gbé léèsì méjì wá. O mọ̀ pé bí ọmọ Ẹ̀jìgbò bá ń lọ sí Àbíjáǹ, ẹbí á ṣí àpótí rẹ̀, kálukú á fi aṣọ kan kún un, kí wọ́n má baà sọ lọ́hùn-ún pé kò lẹ́nìkan. Mo ní, "Nímọ́tà, ẹyẹ ló ń lọ kà." Ó ní, "Kí ẹyẹ náà rí i pé ó wá láti ilé ire." Mo gba léèsì náà, mo fi í pamọ́ sílé níbí. Bí o bá pè é, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa.

Ó wá ku ẹ̀wù òjò, ibẹ̀ ló sì ti le fún mi. Gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà kọjá ni omi máa ń gbà. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀wù òjò gidi máa ń fi iná lẹ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ibi tí wọ́n ti rán an, láti inú. Mi ò ní ẹ̀rọ rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fún ọdún méje ní Àbíjáǹ kò ní in náà. Nítorí náà mo lọ sọ́dọ̀ Ràshídátù olókìrìkà. O mọ̀ pé láti ọgbọ̀n ọdún wá, aṣọ òkú ni mo ń pe ọjà rẹ̀ lójú àwọn oníbàárà mi. Bó ṣe rí mi, ó ní, "Tẹ́lọ̀ Àbíjáǹ, ṣé ẹ ò ṣìnà? Aṣọ òkú la ń tà níbí o." Mo ní òun náà ni mo wá rà. Ó ní, "Báwo ni òkú yín ṣe ga tó?" Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín, mo sì jẹ́ kí wọ́n rín in tán. Nígbà tí mo sọ pé tìrẹ ni, ojú rẹ̀ yí padà, ó ní kí n jókòó, ó sì tú odindi bélì aṣọ kan. Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí wàá rí nínú báàgì nìyẹn. Mo fi ìwé ìròyìn sínú apá rẹ̀, mo da omi lé e fún wákàtí kan. Ìwé náà gbẹ nígbà tí mo yọ ọ́. Síìpù rẹ̀ ń há díẹ̀; mo ti fi àbẹ́là pa á.

Ó yẹ kí n ti lọ sọ́dọ̀ Ràshídátù ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Jákẹ́ẹ̀tì tí mo rán fún ọ nígbà tí o ń lọ ṣe agùnbánirọ̀ ní Jọ́ọ̀sì, òun ló gbé ọ dé ọsibítù. Kì í ṣe òtútù Jọ́ọ̀sì nìkan, bí mo ti ń sọ fún gbogbo èèyàn. Kọ́díróì, aṣọ òwú tó nípọn, ni mo fi ṣe ìta rẹ̀, mo ki òwú sí àárín, mo fi táwẹ́ẹ̀lì tẹ́ inú. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo fi kọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mẹ́ta káyé lè rí i. Òjò pa ọ́, jákẹ́ẹ̀tì náà mu omi yó, o sì wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjì nítorí pé bàbá rẹ ló rán an. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lo lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ kẹta ni mo débẹ̀, nọ́ọ̀sì gbé jákẹ́ẹ̀tì náà fún mi nínú ọ̀rá, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. O lajú, o ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, mo ti ba jákẹ́ẹ̀tì yín jẹ́." Mo ń fèsì báyìí. Ìwọ kọ́ lo ba nǹkan jẹ́. Èmi tí mo mọ ìwà òwú, èmi ni mo fi òwú dì ọ́ lọ sínú òjò. Foríjì mí.

Àṣẹ kan ṣoṣo ni mo ní fún ọ. Aṣọ yòówù tó bá tutù sí ọ lára, bọ́ ọ lójú ẹsẹ̀, kí o wọ gbígbẹ. Má wo ẹni tó rán an. Kí ẹ tó gbéra, sọ fún olórí yín pé ọjọ́ tí o bá ní kí wọ́n gbé ọ sọ̀kalẹ̀ lórí òkè náà, kí wọ́n má bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí egungun bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ́, má dúró ka ẹyẹ kan kún un.

Mùíbì onímọ́tò á gbé báàgì náà àti lẹ́tà yìí bọ̀ wá bá ọ ní Ọjọ́rú. Kí Ọlọ́run tó dá ẹ̀jẹ̀ náà mọ́ ọ bá wa ṣọ́ ọ. Kí ó jẹ́ kí ilé tí wàá wọ̀ gbẹ, kí iná rẹ̀ má kú. Wàá lọ láyọ̀, wàá bọ̀ láyọ̀, a ò ní fi ojú sunkún rẹ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Tàjùdíìnì Àrẹ̀mú.

Àfikún: Mo ka lẹ́tà yìí fún ìyá rẹ kí n tó pa á dé, nítorí kò yẹ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ jákẹ́ẹ̀tì náà lẹ́nu ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo ní kí ẹ ki òwú sí i. Ẹ̀yin ti sọ pé aṣọ náà ti tó láìsí òwú." Òótọ́ ni. Ó ní kí n kọ ọ́, mo sì ti kọ ọ́.